Àáró Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá jókòó, ẹ dìde ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun ní ìjókòó. Olóyè Gbádéyan ni. Bí ẹ bá sì pè é ní Olóyè Gbádéyan lásán, kò ní dá yín lóhùn. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Olóyè Gbádéyan, Alákòóso Àgbà fún Ìdènà Sísá Nílé-Ìwé, Baba Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́, Ìmọ́lẹ̀ Odigbo títí dé Agbabu. Apá tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ó dáa, ẹ lè jókòó wàyí.

Kí ó tó dé ipò yìí, ó ti ṣe alábòójútó gọ́tà rí. Ó dúró sẹ́bàá gọ́tà kan ní Ore, ó sọ̀rọ̀ sí i fún wákàtí méjì. Nígbà tó di oṣù kejìlá, omi inú gọ́tà náà gbẹ. Gbogbo ayé ní ẹ̀ẹ̀rùn ló dé, Olóyè ní ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń sá nílé-ìwé di ohun tí kò ṣeé wò níran mọ́. Ẹ dé ìkòríta Ore ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ èrò pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lórí. Ẹ wọ inú igbó lọ sí ọ̀nà Ajue, ẹ ó bá àwọn ẹgbẹ́ wọn nídìí kòkó. Ọ̀rọ̀ tó ń dun èèyàn ni, n kò sì fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀sín, ẹ má jẹ́ kó yé yín sódì.

Wọ́n fún un ní yàrá kan ní Ore. Ó gbé àga kan síbẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àpótí ló fi ń gùn ún. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí i lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kan fún oyè rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ipò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ. Yínká akọ̀wé rẹ̀ ló ń ka iye rẹ̀. Iṣẹ́ méjì péré ni Yínká ní lábẹ́ ọ̀run: kí ó máa gbé báàgì Olóyè, kí ó sì máa sọ pé “Ọ̀rọ̀ ńlá!” nígbàkúùgbà tí Olóyè bá dánu dúró láti mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Olóyè pe gbogbo ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ.

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọmọ wà nílé-ìwé,” ni ó bi wọ́n, “bí n kò bá rí i kí ó dúró níwájú mi? Láti òní lọ, èmi fúnra mi, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, yóò máa bẹ ilé-ìwé wò lójoojúmọ́. Ọgọ́fà ọmọ ni mo fẹ́ bá lórí ìlà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ dín ẹyọ kan! Kí ọmọ kan kí mi káàbọ̀ ní orúkọ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ mi, kí gbogbo wọn fò sókè, kí wọ́n kọrin ìkínikáàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ ńlá!” ni Yínká wí.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ náà, wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wo ara wọn lójú. Ọgọ́fà ọmọ kẹ̀? Ilé-ìwé abúlé tó wà lọ́nà Ajue kò ní ju ọmọ mọ́kàndínlógójì lọ. Ti Agbabu, bí ẹ bá ka àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn ní fàráńdà mọ́ ọn, kò tó àádọ́ta. Ta ni yóò sì sọ fún Olóyè pé ọmọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó? Ẹni tó bá sọ ọ́ ni yóò di ẹni tí kò lè kó ọmọ jọ.

Ọ̀kan nínú wọn, tó ní oko kòkó kékeré, ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ó ní ṣebí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró lóko. Lónìí gbogbo wa á bá ọ fọ́ kòkó, lọ́la gbogbo wa á bá èmi náà fọ́ tèmi. Kí ló dé tí wọn kò lè fi ọmọ ṣe é? Aṣọ ilé-ìwé ìjọba ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Bí Olóyè bá ń lọ sí Agbabu, kí Ajue àti Ago Alaye yá Agbabu lọ́mọ. Bí ó bá ń bọ̀ l'Ajue, kí Agbabu san án padà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un, orí wọn wú. Bí wọ́n ṣe dá àáró ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì háyà ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó máa kó ọmọ ṣáájú ọkọ̀ Olóyè.

Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó kiri yìí, ọ̀kan wà tí wọn kì í fi sílẹ̀ láéláé. Àzíìzàt ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ Màmúdù tó ń bá wọn dáko kòkó nítòsí Ajue. Kíláàsì kẹfà ló wà. Ohùn rẹ̀ já geere, ó sì lè ka gbogbo oyè Olóyè láìmí. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá rí Àzíìzàt yá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó ti di bí ọ̀bẹ tí gbogbo agbolé ń yá ara wọn, kì í sùn sílé ẹni tó ni ín.

Ẹ wá wo Olóyè l'Agbabu. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n so fèrè ńlá mọ́ lórí, fèrè náà ń ké, ewúrẹ́ ń sá. Àzíìzàt kí i káàbọ̀. Ọgọ́fà ọmọ fò sókè, wọ́n kọrin. Olóyè gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ̀yin ọmọ mi! Mo bi yín, kí ni ilé-ìwé?”

“Ilé-ìwé ni ibi tí oòrùn ti ń yọ!” ni gbogbo wọn dáhùn.

Ẹnu ya Olóyè. Kò tíì sọ ìdáhùn náà fún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ l'Agbabu nìyí.

“Bí oòrùn bá sì yọ?”

“Ẹ̀yin ni ìtànṣán rẹ̀, Baba!”

Ó yíjú sí Yínká, omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. “O rí i? N kò tíì la ẹnu, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.”

“Olóyè, ọ̀rọ̀ yín ń ṣáájú yín dé ibi gbogbo,” ni Yínká wí. Irọ́ kọ́ ló pa o, nínú píkọ́ọ̀pù ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá.

“Ọmọbìnrin tó kí mi yẹn ńkọ́? Ojú rẹ̀ jọ ti èyí tí mo rí l'Ajue lánàá. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà jọ ti Ago Alaye.”

Yínká mọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wù ú. “Olóyè, bí òbí bá ti ń gbọ́ràn sí ẹni kan ṣoṣo lẹ́nu, ojú àwọn ọmọ wọn a máa jọra. Ìgbọràn ni.”

“Mo ti ń fura bẹ́ẹ̀,” ni Olóyè wí, ó sì mi orí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọ lẹ́tà sí Àkúrẹ́ pé iṣẹ́ òun ti kẹ́sẹ járí débi pé àwọn ọmọ agbègbè òun ti ń jọra wọn lójú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti oṣù kìíní. Ibi tí Olóyè bá dé, ọmọ kún fọ́fọ́. Ibi tí kò bá sì sí lọ́jọ́ náà, kíláàsì ṣófo, nítorí ibi tí Olóyè wà ni gbogbo wọn lọ. Kò sí ọmọ tó ń sá nílé-ìwé mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Olóyè ló ń kó wọn sá.

Ìgbà tí orí rẹ̀ wú tán ló wá ṣòfin. Òfin náà lọ báyìí: ọmọ tó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò àṣejáde, àfi bí ẹni tó dá a dúró, ì báà jẹ́ bàbá, ì báà jẹ́ ìyá, ì báà jẹ́ ẹnikẹ́ni, bá lọ jókòó ní kíláàsì ọmọ náà fún iye ọjọ́ tó mú un pa jẹ gẹ́lẹ́. Bí ẹni tó yẹ kó wà ní kíláàsì bá tún sá, kí òbí rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wá. Kí olùkọ́ sì máa kọ ìdí tí ọmọ kò fi wá sínú rẹ́jísítà, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò. Ó gba àwọn géńdé mẹ́fà ní gáréèjì Ore pé kí wọ́n máa mú ẹni tó bá sá, ó fi Saheed ṣe olórí wọn, ó sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wojú ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kan, Màmúdù wá sí Ore. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Màmúdù. Apá Ìwó ló ti wá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ń ṣe oko kòkó olóko. Ó kí Olóyè lẹ́ẹ̀mẹta, Yínká ní ó ku ẹyọ kan, ó tún kí i.

“Olóyè, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi Àzíìzàt ló gbé mi wá. Àǹtí Ọláwùnmí tó ń kọ́ wọn ní kíláàsì kẹfà ló fi rẹ́jísítà hàn mí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọmọ náà kò fi sí ní kíláàsì, mo sì fẹ́ kí ẹ...”

“Ọjọ́ mọ́kànlélógún!” Olóyè fò sókè lórí àga, ó kù díẹ̀ kó já bọ́. “Yínká, kọ ọ́ sílẹ̀! Ó ti jẹ́wọ́!”

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.”

“Ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwọ náà yóò jókòó ní kíláàsì.”

“Olóyè, bí mo bá fi oko sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, olóko á gbé e fún ẹlòmíràn. Bí n kò bá sì jókòó, ọmọ mi kò ní ṣe ìdánwò. Bí kò bá ṣe é, oko náà ló ń bọ̀. Èmi ò mọ̀wé, sà. Òun nìkan ni mo ní tó mọ̀ ọ́n.”

“Èyí dára púpọ̀,” ni Olóyè sọ fún Yínká. “Àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọkùnrin yìí ni n óò fi ṣàpẹẹrẹ òbí burúkú. Gba rẹ́jísítà yẹn lọ́wọ́ olùkọ́ náà. Èmi fúnra mi ni n óò kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé.”

“Ṣé kí ẹ kọ́kọ́ wò ó nílé, Olóyè?”

“Irú ẹni wo ló ń wo rẹ́jísítà nílé?”

Bí Olóyè bá yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn, ìbá rí Màmúdù níwájú ilé, tó dúró lójú oòrùn bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Olóyè kò yọjú. Dígí ló ń wò, ó ń dán ohùn tí yóò fi ka rẹ́jísítà wò.

Àǹtí Ọláwùnmí ni n kò tíì ṣàlàyé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í kọ ohun tí kò bá rí. Ọ̀gá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa kọ ọ́ pé Àzíìzàt wà ní kíláàsì, ó fàáké kọ́rí. Olóyè ní kí olùkọ́ kọ ìdí rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Yínká wá gba rẹ́jísítà, olùkọ́ náà fi aṣọ nu ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Pápá Odigbo kún. Àwọn ọmọ gbogbo ilé-ìwé pé sórí ìlà, píkọ́ọ̀pù ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti sáré lọ sáré bọ̀ nígbà mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin kékeré kan tó wọ gíláàsì ló ṣáájú àwọn àlejò Àkúrẹ́, Arábìnrin Fẹ́yìsayọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí Olóyè ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, ó ní kí Màmúdù bọ́ síwájú. Màmúdù bọ́ síwájú, Àzíìzàt di etí aṣọ rẹ̀ mú.

“Ẹ wò ó!” Olóyè bú ramúramù sínú máíkì. “Ẹ wo òbí tó ń ba ayé ọmọ jẹ́! Ẹ fetí sí ohun tí olùkọ́ kọ!” Ó ṣí rẹ́jísítà. “Àzíìzàt Màmúdù. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, kò wá. Ìdí: ó bá bàbá rẹ̀ fọ́ kòkó!”

“Háà!” ni èrò wí.

“Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò wá, kòkó! Ọjọ́ kẹrìndínlógún, kò wá, kòkó! Ọjọ́ kejìlélógún, kò wá. Ìdí: wọ́n kó o lọ sí Agbabu láti kí Olóyè Gbádéyan káàbọ̀!”

Bí àwọn ọmọ ti gbọ́ orúkọ náà, wọ́n fò sókè, wọ́n kọrin ìkínikáàbọ̀. Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. Orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ro ohun tó kà. Ó ń bá a lọ.

“Ọjọ́ kẹtàlélógún, kò wá. Ìdí: ó lọ sí Ago Alaye láti kí Olóyè Gbádéyan káàbọ̀!” Wọ́n kọrin. “Ọjọ́ kẹrìnlélógún, kò wá. Ìdí: Olóyè Gbádéyan.” Wọ́n kọrin. “Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n... Olóyè... Gbádéyan.” Orin.

Ní ìgbà karùn-ún ni ohùn náà já wálẹ̀. Òógùn bọ́ sórí ìwé. Èrò ti ń di ẹnu mú, àwọn kan ti dojú bolẹ̀. Olóyè fẹ́ pa rẹ́jísítà dé.

“Ẹ máa kà á lọ, sà,” ni Arábìnrin Fẹ́yìsayọ̀ wí.

“Arábìnrin, èyí tó kù kò ṣe pàtàkì.”

“Òfin yín ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ kà á.”

Ó kà á. Ìgbà méjìdínlógún ló ka orúkọ ara rẹ̀, ìgbà méjìdínlógún ni ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fò sókè tí wọ́n kí i káàbọ̀. Bí ó bá sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, máíkì á gbé e. Ó gbìyànjú láti fo orúkọ náà dá, ó ní “ẹni kan,” èrò sì bá a parí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbàlagbà pàápàá ti mọ orin náà.

Arábìnrin Fẹ́yìsayọ̀ pe Àzíìzàt sọ́dọ̀. “Ọmọ mi, ilé-ìwé mélòó lo ti kí Olóyè káàbọ̀?”

“Mọ́kànlá, mà.”

“Kí lo kọ́ láwọn ọjọ́ yẹn?”

“Ọ̀rọ̀ Olóyè, mà. Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ṣé kí n sọ ọ́?”

“Rárá, a ti gbọ́ ọ. Ìṣirò onídàá ńkọ́?”

Ọmọ náà wo ilẹ̀. “Wọ́n ti ṣe é tán ní kíláàsì, mà. Agbabu ni mo wà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ tó ń fẹ́ ìwé, tí wọ́n fi ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé e kúrò nídìí ìwé lẹ́ẹ̀méjìdínlógún, kí ó lè lọ gbọ́ pé ìwé dára!

“Òfin yìí ti wọ ìwé,” ni Arábìnrin Fẹ́yìsayọ̀ wí, “n kò lè fà á ya lórí pápá. A ó tẹ̀lé e. Láti ọ̀la, ní aago méjì ọ̀sán sí aago mẹ́rin, Àǹtí Ọláwùnmí yóò kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n pàdánù. Ẹni tó dá wọn dúró yóò sì jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí ìdánwò dé, Olóyè. Méjìdínlógún ni tiyín. Bí ó bá ku ẹyọ kan, ọmọ yìí kò ní ṣe ìdánwò.”

Màmúdù na ọwọ́ sókè. “Mà, mẹ́ta ti kòkó yẹn, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Mo rò pé kòkó kò lè dúró, àṣé ọmọ ni kò yẹ kó dúró. Màá jókòó.”

Yínká ti gbé báàgì Olóyè sílẹ̀ lórí koríko. Ẹ̀yìn àga Arábìnrin Fẹ́yìsayọ̀ ni mo ti tún gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ọ̀rọ̀ ńlá, mà!”

Ní ọjọ́ kìíní, Olóyè dé kíláàsì kẹfà pẹ̀lú agbádá. Àga àwọn ọmọ gbé agbádá ṣùgbọ́n kò gbé Olóyè tán. Màmúdù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ jọ bí ọmọ gidi. Àǹtí Ọláwùnmí bèèrè pé bí wọ́n bá pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà fún ọmọ mẹ́jọ, ìdá mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olóyè dìde.

“Nígbà tí a bá sọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò ni ìṣọ̀kan...”

“Ìdáhùn ni mo bèèrè, sà.”

“Mo ń bọ̀ níbẹ̀.”

“Ẹ jókòó, sà.”

Àzíìzàt ni kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́ sí Olóyè létí: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Màmúdù parí ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó padà sóko. Ní ọjọ́ kẹta yẹn náà, ìjọba ìbílẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ Olóyè, wọ́n gba ọkọ̀ àti fèrè orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní inú ń run òun, kò wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ló lò yẹn, wọ́n sì sọ fún un. Ó tún fi ọ̀kadà wá fún ọjọ́ mẹ́rin sí i. Ó ti di ọjọ́ méje, ó ku mọ́kànlá, ojú sì ń tì í kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ti ń bi í bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó fi fìlà bo ojú wọ inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin ní gáréèjì Ore. Èrò kan ló kù kí ọkọ̀ kún. Saheed yọ orí lójú fèrèsé.

“Ẹ káàsán, sà. Orúkọ yín wà nínú rẹ́jísítà.”

“Saheed! Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má wojú ẹnikẹ́ni.”

“Mo ti kúrò nípò náà, òfin yẹn ti kú.”

“Wọn ò tíì sọ fún èmi o, sà. Ẹ ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, àbí kí n pe àwọn tó kù?”

“Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?” ni awakọ̀ bèèrè. “Ọmọ ilé-ìwé ni yín ni?” Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Saheed gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kò gbé e lọ tààrà, nítorí pé ó mọ òfin náà látòkè délẹ̀: ẹni tó bá sá, òbí rẹ̀ ni kó fà á wá. Bàbá Olóyè ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá rẹ̀ wà l'Ajue, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún kan tí ọmọ rẹ̀ ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹyìn.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ló sá nílé-ìwé.”

Màmá wo ọmọ rẹ̀ láti fìlà dé bàtà. “Ọma mi! O tún ti bẹ̀rẹ̀?” Ó gbọn ọwọ́ nù, ó dìde. “Láti kékeré ló ti ń sá ní ulé-ùwé. Orí igi ọsàn ni mo ti ń fà á sọ̀ kalẹ̀. Níbo ni ulé-ùwé náà wà?”

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí mi. Ta ló dá a dúró, ọma tí wọ́n ń torí ẹ̀ bínú sí ọ yìí? Ìwọ kọ́?”

“Èmi ni, mà, ṣùgbọ́n...”

“Kí ló wá kù tí o fẹ́ ṣàlàyé?”

Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fà á gba àárín abúlé kọjá. Àwọn tó ń sá kòkó dìde wò wọ́n. Aago méjì ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì. Àǹtí Ọláwùnmí ń pe orúkọ.

“Gbádéyan?”

“Ó wà ńbí,” ni Màmá dáhùn. “Mo mú un wá.” Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ mọ́kànlá fi pé. Olóyè kò sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá bi í ní nǹkan. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó yanjú ìṣirò onídàá kan fúnra rẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn wò bóyá ìyá rẹ̀ rí i.

Ọjọ́ ìdánwò, gbọ̀ngàn kan ní Odigbo ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn òbí dúró níta lábẹ́ ìbòòji. Màmúdù wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó yá. Ó ń wo Àzíìzàt gba ojú fèrèsé, ọmọ náà tẹ orí ba, ó ń kọ nǹkan láìdúró. Olóyè Gbádéyan náà wá, kò sẹ́ni tó pè é, ó dúró sẹ́yìn láìwọ agbádá. Bàbá kan tí kò gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ rí i, ó sì tẹríba díẹ̀.

“Áà, Olóyè! Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀ o.”

Àyà Olóyè wú. Ó wúkọ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó la ẹnu. Nínú gbọ̀ngàn, bíi ọmọ mẹ́wàá gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmúdù yíjú sí i, ó sì fi ìka lé ètè.

“Ẹ rọra, sà. Àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́.”

Olóyè sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Àzíìzàt tún tẹ orí ba ìwé rẹ̀.